Bí Mo Ṣe Fi Igi àti Èpò Tún Ilẹ̀ Tó Ti Ṣá Ṣe ní Apá Òṣú

Ilẹ̀ tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí wà ní apá Òṣú, lójú ọ̀nà tí ó ti Iléṣà lọ sí Ilé-Ifẹ̀, kò sì ju éékà mẹ́ta lọ. Kòkó ni àwọn bàbá wa gbìn síbẹ̀ láyé ìjọ́sí. Nígbà tí kòkó náà gbó tí ó ń kú, wọ́n gbin ẹ̀gẹ́ rọ́pò rẹ̀, láti ìgbà náà wá ni ẹ̀gẹ́ sì ti ń tẹ̀lé ẹ̀gẹ́, tí wọ́n ń dáná sun oko náà ní gbogbo ẹ̀ẹ̀rùn, tí ilẹ̀ kò sì sinmi. Nígbà tí ẹbí fi í lé mi lọ́wọ́, yangí ti yọ sókè ní apá òkè, ọ̀gbàrá ti la ojú ilẹ̀ ní ìsàlẹ̀, koríko tí a ń pè ní ẹ̀kan sì ti gba gbogbo àárín. Mo fa ẹ̀gẹ́ kan tu níbẹ̀, mo rí i pé ìdí ẹ̀kan tí ó mú ṣóńṣó ti gún un wọlé láti ẹ̀gbẹ́ kan, ó sì ti yọ sí ẹ̀gbẹ́ kejì.

Àwọn tí oko wọn bá tiwa pààlà ní kí n lọ ra oògùn apakoríko àti fatiláísà. Èmi kò bá wọn jiyàn, ṣùgbọ́n fatiláísà tí a bá dà sórí ilẹ̀ tí kò ní ọ̀rá mọ́, òjò ni yóò gbé èyí tí ó pọ̀ nínú rẹ̀ lọ. Igbó ni ó máa ń tún ilẹ̀ ṣe. Àwọn baba ńlá wa mọ èyí, ìdí sì nìyẹn tí wọ́n fi ń jẹ́ kí ilẹ̀ di ìgbòrò fún ọ̀pọ̀ ọdún kí wọ́n tó padà sórí rẹ̀. Èmi kò ní ilẹ̀ mìíràn tí n óò máa dá ní gbogbo àkókò náà, nítorí náà mo pinnu láti mọ iṣẹ́ tí igbó ń ṣe gan-an, kí n sì bá a mú un yá.

Iná ni mo kọ́kọ́ dá dúró. Ẹni tí kò bá lè dá iná dúró, kí ó má wulẹ̀ gbin igi kankan, nítorí iná kò pa ẹ̀kan: ìdí rẹ̀ wà nísàlẹ̀ ilẹ̀ níbi tí ooru kò dé, nígbà tí iná bá sì ti jó gbogbo ohun tí ì bá ṣíji bò ó, òun ni yóò kọ́kọ́ rú. Kí ẹ̀ẹ̀rùn tó wọlé, mo ní kí àwọn alágbàṣe ro ọ̀nà gbọọrọ kan yí oko náà ká, kí fífẹ̀ rẹ̀ tó mítà mẹ́rin, kí wọ́n sì gbá a mọ́ títí tí koríko gbígbẹ kò fi ní kù síbẹ̀. Mo tún lọ bá àwọn ọdẹ tí ń tiná bọ igbó nítorí ọ̀yà, mo bẹ̀ wọ́n. Ọ̀rọ̀ náà gba obì àti ẹmu kí ó tó wọ̀ wọ́n létí, n kò sì rò pé owó kan wà tí mo ná lórí oko náà tí ó wúlò tó ìyẹn.

Lẹ́yìn èyí ni mo wo bí omi ṣe ń ṣàn. Mo gé igi mẹ́ta, mo de méjì pọ̀ lórí, mo gbé ẹ̀kẹta dábùú wọn láàárín tí ó fi rí bíi lẹ́tà A, mo sì so okùn tí òkúta wà nídìí rẹ̀ mọ́ orí. Mo gbé e nàró, mo sàmì sí ibi tí okùn náà kàn lára igi ìdábùú, mo yí ẹsẹ̀ rẹ̀ padà sí ipò ara wọn, mo tún sàmì. Àárín àmì méjèèjì yìí ni okùn máa ń wà nígbà tí ẹsẹ̀ méjèèjì bá dúró ní ìpele kan náà. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe ń gbé e káàkiri orí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ilẹ̀ náà, tí mo ń kan èèkàn mọ́lẹ̀, títí mo fi ní àwọn ìlà tí ó dábùú ọ̀gbàrá dípò kí wọ́n bá a sọ̀ kalẹ̀.

Orí àwọn ìlà wọ̀nyí ni mo gbin agúnmaniyè sí. Mẹ́síkò àti àwọn ilẹ̀ tí ó wà ní àárín gbùngbùn Amẹ́ríkà ni igi yìí ti wá, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ tí àwọn àgbẹ̀ wa ti ń fi í ṣọgbà. Nígbà tí òjò fẹsẹ̀ múlẹ̀, mo gé ẹ̀ka rẹ̀ tí ó ti gbó dáadáa, tí gígùn rẹ̀ tó mítà kan ààbọ̀, mo sì rì í mọ́lẹ̀. Ìdajì mítà ni ó wà láàárín igi kan sí èkejì, ìlà kan sí èkejì sì tó mítà mẹ́fà. Ní IITA, ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní ọdún 1967, mítà mẹ́rin ni wọ́n sábà máa ń lò nígbà tí wọ́n ń ṣe ìwádìí lórí gbígbin oúnjẹ sáàárín ìlà igi, ṣùgbọ́n wàhálà gígé ẹ̀ka wà lára ohun tí ó mú kí ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ pa ọ̀nà náà tì, mo sì fẹ́ kí iṣẹ́ tèmi mọ níwọ̀n. Wọ́n lo igi Leucaena níbẹ̀ pẹ̀lú. N kò gbìn ín, nítorí èso rẹ̀ máa ń hù káàkiri ju bí àgbẹ̀ ti fẹ́ lọ.

Nígbà tí agúnmaniyè náà rúwé dáadáa, mo rọra wa ìdí ọ̀kan wò. Kókó wẹẹrẹ-wẹẹrẹ wà lára gbòǹgbò rẹ̀. Mo fi èékánná la ọ̀kan sí méjì, inú rẹ̀ sì pupa rẹ́súrẹ́sú. Pípupa yẹn ni àmì pé àwọn ohun abẹ̀mí tí ojú lásán kò lè rí tí wọ́n ń gbé inú rẹ̀ ń ṣiṣẹ́. Àwọn ni wọ́n ń mú náítírójìn láti inú afẹ́fẹ́, tí wọ́n ń sọ ọ́ di oúnjẹ fún igi, èyí tí yóò sì dé inú ilẹ̀ nígbà tí a bá gé ewé náà tí ó bá jẹrà. Bí inú kókó bá ṣì funfun, iṣẹ́ kò tíì bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀.

Ẹ̀kan ni ìjà rẹ̀ le jù. Bí a bá gé e, yóò tún rú. Bí a bá kọ ebè lé e, ọkọ́ yóò gé ìdí rẹ̀ sí wẹ́wẹ́, wẹ́wẹ́ náà yóò sì máa hù. Ní Filipíìnì, àwọn tí ń dá igbó padà máa ń fi pákó tẹ koríko yìí dùbúlẹ̀ dípò kí wọ́n gé e, èmi náà sì ṣe bẹ́ẹ̀: mo so okùn mọ́ etí méjèèjì pákó kan, mo gbé okùn náà kọ́ èjìká, mo sì ń fi ẹsẹ̀ tẹ pákó náà lé koríko bí mo ti ń lọ síwájú. Koríko tí ó bá dùbúlẹ̀ láìgé kì í tètè rú, yóò sì máa ṣíji bo ara rẹ̀. Sáàárín rẹ̀ ni mo gbin irú wèrèpè kan tí kì í yúnni. (Kí ẹnikẹ́ni má ṣe lọ ká ti inú igbó o, yóò kan ìdin nínú iyọ̀.) Wèrèpè náà fà bo ẹ̀kan mọ́lẹ̀, oòrùn sì di ohun tí ẹ̀kan kò rí mọ́. Nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn dé, wèrèpè fúnra rẹ̀ gbẹ, ó tẹ́ ilẹ̀ nípọn. Irú ewé gbígbẹ báyìí ni iná fẹ́ràn jù, ìdí nìyẹn tí mo fi fi ọ̀rọ̀ iná ṣáájú.

Nínú gbogbo èpò, méjì ni n kò jẹ́ kí alágbàṣe fà tu: Akíntọ́lá, tí àwọn ẹlòmíràn ń pè ní Awólọ́wọ̀, àti jogbo tí òdòdó rẹ̀ aláwọ̀ ìyeyè máa ń kún ẹ̀gbẹ́ títì nígbà àrọ̀kúrò òjò. Bàbá kan tí oko rẹ̀ wà nítòsí dúró wò mí, ó ní, "Àbúrò, ṣé èpò lo wá ń tọ́jú síbí ni?" Mo ní, "Ẹ máa wò ó, bàbá." Àwọn àgbà àgbẹ̀ mọ̀ pé níbi tí Akíntọ́lá bá ti gba ilẹ̀ lọ́wọ́ ẹ̀kan, ilẹ̀ ti ń padà bọ̀ sípò nìyẹn. Ohun tí ó kù ni àkókò tí a óò gé e. Kí ó tó tanná ni mo máa ń gé e, nígbà tí ewé rẹ̀ ṣì rọ̀; bí a bá jẹ́ kí ó so, afẹ́fẹ́ yóò gbé èso rẹ̀ dé oko gbogbo ènìyàn. Mo ń gé e sí ìwọ̀n ọrùn ẹsẹ̀ kí gbòǹgbò rẹ̀ lè dúró di ilẹ̀ mú, mo sì ń tẹ́ ewé rẹ̀ sí ibi tí mo ti gé e. Àdá bu alágbàṣe kan níka lẹ́nu iṣẹ́ yìí. Kò tilẹ̀ wá mi, Akíntọ́lá tí ó ń gé náà ni ó já, ó fún omi rẹ̀ sójú ọgbẹ́, ẹ̀jẹ̀ sì dá.

Jogbo lọ́ràá jù ú lọ. Nínú 100 kílò ewé rẹ̀ tí ó ti gbẹ, náítírójìn máa ń tó nǹkan bíi kílò 3.5, pòtásíọ̀mù tí òun náà jẹ́ oúnjẹ igi a tó nǹkan bíi kílò 4, ṣùgbọ́n fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì, oúnjẹ igi kẹta, kò tó ìdajì kílò. Omi ni ó pọ̀ jù nínú ewé tútù, nítorí náà ẹni tí yóò máa rù ú láti ẹ̀gbẹ́ títì wá sóko yóò mọ̀ ọ́n lọ́rùn. Mo yàn láti jẹ́ kí ó wà ní etí oko, kí n máa gé e níbẹ̀. Ewé àti ọ̀mùnú rẹ̀ nìkan ni mo ń kó wọlé, nítorí igi rẹ̀ tútù tí ó bá kan ilẹ̀ lè ta gbòǹgbò.

Mo tún rí àwọn kùkùté àyùnrẹ́, akòko àti ìyeyè tí wọ́n ti ń gé lọ́dọọdún láìkú. Lórí kùkùté kọ̀ọ̀kan, mo fi èhù mẹ́ta tí ó tọ́ sílẹ̀, mo gé ìyókù. Tony Rinaudo, ọmọ Ọsirélíà, bẹ̀rẹ̀ sí bá àwọn àgbẹ̀ ṣe irú èyí ní Maradi, lórílẹ̀-èdè Niger, ní ọdún 1983, ó sì ti tàn dé nǹkan bíi mílíọ̀nù márùn-ún hẹ́kítà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ òjò wọn kò tó tiwa rárá.

Ekòló ni ó kọ́kọ́ padà sábẹ́ ewé tí ó ń jẹrà. Lẹ́yìn rẹ̀ ni mo gbin àgbàdo àti ẹ̀wà sáàárín ìlà igi, iṣu sì tẹ̀lé e, ẹ̀ka agúnmaniyè ni ó sì ń fà lé. Apá òkè tí yangí wà kò tíì gba oúnjẹ, n kò sì fi dandan mú un. Kajú ni mo gbìn síbẹ̀. Nígbà òjò, mo máa ń gé agúnmaniyè sí ìwọ̀n orúnkún kí ó tó ṣíji bo àgbàdo, ewé rẹ̀ ni mo sì ń tẹ́ sí ìdí àgbàdo náà. Tí àrọ̀kúrò òjò bá ti ń tán lọ, n kì í fọwọ́ kàn án mọ́, kí òjìji rẹ̀ lè máa há ẹ̀kan mọ́ títí òjò yóò fi padà.