Ẹ̀yin olùkọ́ ẹgbẹ́ mi, ẹ fi iṣẹ́ kíláàsì yín múra ìdánwò Google

Ìwé ẹ̀rí tí mo ń sọ ni Google Certified Educator, Level 1, tó ń fi hàn pé olùkọ́ mọ bí a ṣe ń fi irinṣẹ́ Google kọ́ni. Dọ́là 10 ni owó ìdánwò rẹ̀, wákàtí 3 la fi ń ṣe é, ọdún 3 ni ìwé ẹ̀rí náà sì ń lò. Ọ̀fẹ́ ni ẹ̀kọ́ tí Google ṣe sílẹ̀ fún un lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ó ń dùn mí bí ọ̀pọ̀ wa ṣe ń sá fún un, pé iṣẹ́ àwọn ọ̀dọ́ ni.

Ẹ má fi fídíò nìkan múra. Nínú ìdánwò náà, yàtọ̀ sí ìbéèrè tí a ń mú ìdáhùn rẹ̀, wọ́n á ní kí ẹ fi ọwọ́ ara yín ṣiṣẹ́ nínú Docs (tí a fi ń kọ ìwé), Sheets (tí a fi ń ṣe tábìlì àti ìṣirò) àti irú wọn.

Máàkì JSS 2 ni èmi fi kọ́ Sheets. Ọmọ 46 ni wọ́n. Mo kọ orúkọ sí òpó A, tẹ́ẹ̀sì méjèèjì sí B àti C, ìdánwò sí D. Mo tẹ =SUM(B2:D2) sínú E2, àròpọ̀ ọmọ àkọ́kọ́ sì yọ. Mo wá di àmì kékeré tó wà ní igun ìsàlẹ̀ lápá ọ̀tún àpótí yẹn mú, mo fà á wálẹ̀ dé ìlà 47. Máàkì gbogbo kíláàsì ti pé! Alẹ́ méjì gbáko ni mo máa ń fi jókòó ti iṣẹ́ yìí tẹ́lẹ̀.

Ọ̀rọ̀ àṣẹ, ìyẹn ẹni tó lè ṣí fáìlì, ló kọ́kọ́ dà mí láàmú. Mo fi nóòtì tí mo kọ sínú Docs ránṣẹ́ sáwọn ọmọ, kò sí ẹni tó rí i ṣí, torí mo fi í sílẹ̀ sí Restricted (kìkì ẹni tí a fún láyè ló lè ṣí i). Ẹ tẹ Share, ẹ yí i sí Anyone with the link (ẹnikẹ́ni tó bá ní líǹkì rẹ̀), kí ẹ sì fi í sí Viewer, kí wọ́n lè kà á nìkan. Bó bá jẹ́ Editor (ẹni tó lè yí i padà) lẹ fi sí, ọmọ kan lè pa gbogbo nóòtì yín rẹ́.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ bi báńkì yín bóyá káàdì yín ń san dọ́là. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni tèmi kọ̀.

Lọ́jọ́ ìdánwò, láptọ́ọ̀pù ni kí ẹ lò. Ẹ ti gba iná sí i kún láti alẹ́, kí dátà nẹ́tíwọ́ọ̀kì mìíràn sì wà lórí fóònù yín, nítorí wákàtí 3 kì í dúró de NEPA. Àárọ̀ Sátidé ni mo ṣe tèmi, kí àdúgbò tó jí.

Bí ìwé náà bá dé, ẹ tẹ̀ ẹ́ jáde sí fáìlì yín nílé ìwé, kí ẹ sì kọ ọjọ́ tí àkókò rẹ̀ máa parí sára kàlẹ́ńdà.