Títúùnù kábúrétọ̀ SU méjì orí MGB: kábúrétọ̀ ni kí ọwọ́ yín kàn kẹ́yìn

Bí MGB, ọkọ̀ eré ilẹ̀ Bìrìtéènì, bá ń gbọ̀n ní sìlóò (nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́ láìtẹ̀ ẹ́), tó ń mu epo ju bó ṣe yẹ lọ, tàbí tó ń wúkọ́ nígbà tí ẹ bá tẹ ẹ́ lójijì, kábúrétọ̀, ohun tó ń po epo mọ́ afẹ́fẹ́, ni ojú gbogbo ènìyàn máa ń kọ́kọ́ lọ sí. Òkè ni ó wà, ọwọ́ tètè ń tó o, sukudíráfà kékeré kan sì ti tó láti da ètò rẹ̀ rú. Ṣùgbọ́n lọ́pọ̀ ìgbà, aláìṣẹ̀ ni a ń nà. SU HS4, irú kábúrétọ̀ tí à ń sọ, kò ní ohun púpọ̀ tó ń rìn nínú rẹ̀: písítìnnì kan, abẹ́rẹ́ kan, jẹ́ẹ̀tì kan (ihò tí epo ń gbà jáde), àti bọ́tafúláì (àwo kékeré tó ń jẹ́ kí afẹ́fẹ́ wọlé) tó ń ṣí tó ń padé. Kì í yí ètò rẹ̀ padà lóru ọjọ́ kan. Bí ọkọ̀ bá dára lánàá tó sì ń ṣe wàhálà lónìí, ẹ kọ́kọ́ wo ibòmíràn.

Ẹ́ńjìnnì 1798 cc tó ní HS4 méjì ni à ń sọ níbí, irú èyí tó wà lórí MGB láti 1962. HIF4 ló rọ́pò HS4 nígbà tó yá. Inú HIF4, abẹ́ kábúrétọ̀ náà gan-an ni fulótì (ohun tó ń léfòó láti díwọ̀n epo) wà, ẹ̀gbẹ́ ni a sì ti ń yí ètò epo rẹ̀, nítorí náà ohun tí a máa sọ nípa nọ́ọ̀tì abẹ́ jẹ́ẹ̀tì àti wíwọn fulótì kò kan HIF4. Ìyókù kan án.

Fáàfù ló ṣáájú

Ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì tutù pátápátá. Ẹ yọ púlọ́ọ̀gì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kí ó lè rọrùn láti yí, ẹ fi ọkọ̀ sí gíà kẹrin, kí ẹ sì máa tì í díẹ̀díẹ̀. Ẹ ka fáàfù láti iwájú dé ẹ̀yìn, 1 sí 8. Òfin àpapọ̀ 9 ni a ń tẹ̀ lé: nígbà tí fáàfù 8 bá wọlẹ̀ tán, fáàfù 1 ni ẹ ó wọ̀n, nígbà tí 6 bá wọlẹ̀, ẹ wọn 3, bí ẹ bá ti ro méjèèjì pọ̀, kó máa jẹ́ 9. Àlàfo tó yẹ ni 0.38 mílímítà. Ẹ tú nọ́ọ̀tì òkè, ẹ fi sukudíráfà yí ìdè náà títí fílà géèjì (irin pẹlẹbẹ tí a fi ń wọn àlàfo) yóò fi máa kọjá pẹ̀lú ìdènà díẹ̀, kí ẹ sì di sukudíráfà mú ṣinṣin bí ẹ ti ń fún nọ́ọ̀tì náà pa. Bí ẹ kò bá dì í mú, yóò bá nọ́ọ̀tì yí. Ẹ tún un wọ̀n lẹ́yìn tí ẹ bá fún un tán.

Ẹ tún wo ojú irin rọ́kà (apá irin tó ń tẹ fáàfù wọlẹ̀) níbi tó ti ń kan orí fáàfù. Lórí ẹ́ńjìnnì tó ti ṣiṣẹ́ pẹ́, ibẹ̀ máa ń jẹ kòtò kékeré. Fílà géèjì á wá nà gbalaja lé ẹnu kòtò náà, yóò sọ fún yín pé 0.38 ni, nígbà tí àlàfo gidi ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ìdí nìyẹn tí àwọn kan fi ń wọn fáàfù lẹ́ẹ̀mẹta tí ariwo kò sì lọ. Rọ́kà ni kí ẹ pààrọ̀.

Bí ó bá jẹ́ pé àlàfo ń kéré sí i nígbàkúùgbà tí ẹ bá wọ̀n ọ́n, pàápàá lára 1, 4, 5 àti 8 tí í ṣe fáàfù èéfín, ìjókòó fáàfù ló ń jẹ. Epo tó ní òjé ló ń dáàbò bò ó tẹ́lẹ̀, a sì ti fòfin de epo náà ní Bìrìtéènì láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2000. Ìjókòó líle tí a fi sínú orí ẹ́ńjìnnì (sílíńdà hẹ́ẹ̀dì) ni ojútùú rẹ̀. Ẹ máa kọ iye tí ẹ bá wọ̀n sílẹ̀, torí ìwé yẹn ni yóò fi hàn yín bí ó ti ń yára jẹ tó.

Iná

Àlàfo kọ́ńtáàtì (irin kékeré méjì tó ń ṣí tó ń padé) nínú dísítíríbútọ̀ Lucas, ohun tó ń pín iná fún púlọ́ọ̀gì, jẹ́ 0.35 sí 0.40 mílímítà nígbà tí gìgísẹ̀ rẹ̀ bá wà lórí ibi tó ga jù lára káàmù. Ẹ fi gíríìsì tín-ín-rín pa káàmù náà, bíi ti orí abẹ́rẹ́, kí gìgísẹ̀ má baà jẹ tí àlàfo á fi padé. Púlọ́ọ̀gì ń fẹ́ nǹkan bí 0.64 mílímítà. Kọ́ńtáàtì ni ẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ṣe, kí ẹ tó wọn àkókò iná, torí bí àlàfo bá yí padà, àkókò iná náà á yí. Ẹ lo iye tí ìwé ọkọ̀ kọ fún nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì yín. 1-3-4-2 ni iná ń gbà tẹ̀ lé ara wọn.

Ẹ fi ẹnu fa páìpù kékeré tó ti ara kábúrétọ̀ wá sí dísítíríbútọ̀. Páànù inú rẹ̀ gbọ́dọ̀ sún, kó sì dúró níbẹ̀ níwọ̀n ìgbà tí ẹ bá fi ahọ́n dí ẹnu páìpù. Bí kò bá dúró, awọ inú rẹ̀ ti ya, afẹ́fẹ́ sì ń gba ibẹ̀ wọ ẹ́ńjìnnì.

Ẹni tó bá fẹ́ fi ẹ̀rọ iná ẹlẹ́kítíróníìkì rọ́pò kọ́ńtáàtì, ẹ kọ́kọ́ wo bátìrì. Àwọn MGB àkọ́kọ́, títí wọ 1967, ẹsẹ̀ pọ́sítíìfù ni wọ́n so mọ́ ara ọkọ̀. Ẹ̀rọ tí wọ́n ṣe fún nẹ́gátíìfù yóò jóná lórí wọn kíá.

Ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbà jí wọlé

Ọ̀pá tó gbé bọ́tafúláì ń jẹ ihò ara kábúrétọ̀ di gbòòrò bí ọdún ti ń gorí ọdún. Ẹ di orí ọ̀pá náà mú, kí ẹ mì í sókè sódò. Bí ó bá ń mì, afẹ́fẹ́ ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ wọlé láìgba ojú abẹ́rẹ́, kò sì sí sìlóò tí yóò dúró sójú kan. Láti dá a lójú, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì kékeré kán ọ́ìlì tó nípọn sí orí méjèèjì ọ̀pá náà bí ẹ́ńjìnnì ti ń ṣiṣẹ́. Bí ohùn rẹ̀ bá yí padà, ẹ ti rí i. Ẹ má fín epo tàbí ìfọ̀ kábúrétọ̀ síbẹ̀: mánífóòlù èéfín (irin tó ń kó èéfín jáde) wà nísàlẹ̀ kábúrétọ̀ gan-an lórí ẹ́ńjìnnì yìí, ó sì gbóná tó láti gbé iná. Bí ọ̀pá bá ti jẹ, ọ̀pá tuntun nìkan kò sábà tó. A ó lu ihò náà gbòòrò, a ó sì fi búṣì (òrùka tó ń dí àlàfo ihò náà) sí i.

Písítìnnì àti ọ́ìlì rẹ̀

Ẹ yọ àgbá òkè kábúrétọ̀ tí písítìnnì wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ fi ọ̀dà sàmì sí i kí ẹ tó yọ ọ́. Àgbá àti písítìnnì rẹ̀ ni wọ́n jọ ṣe fún ara wọn. Bí ẹ bá gbé ti iwájú sí ti ẹ̀yìn, ẹ ti bà á jẹ́. Ẹ fi epo àti aṣọ rírọ̀ nù wọ́n, kí ẹ má fi ọ́ìlì pa ara písítìnnì rárá. Ẹ̀kán kan lára ọ̀pá àárín rẹ̀ ti tó. Èjìká abẹ́rẹ́ gbọ́dọ̀ dọ́gba pẹ̀lú ìsàlẹ̀ písítìnnì, lẹ́tà tàbí nọ́ńbà ara abẹ́rẹ́ méjèèjì sì gbọ́dọ̀ bára mu.

Ẹ dá a padà, ẹ gbé písítìnnì sókè pẹ̀lú ìka láìfi dámpà (ọ̀pá kékeré inú ọ́ìlì tó ń dín eré písítìnnì kù) sí i, kí ẹ sì jù ú sílẹ̀. Ẹ gbọ́dọ̀ gbọ́ “kọ́” bí irin ṣe ń kan irin. Bí ó bá wálẹ̀ jẹ́jẹ́ láìdún, ìdọ̀tí wà nínú rẹ̀, tàbí abẹ́rẹ́ ń ha ẹ̀gbẹ́ jẹ́ẹ̀tì. Lórí àwọn tí abẹ́rẹ́ wọn dúró gbọin, ẹ tú nọ́ọ̀tì ńlá tó di jẹ́ẹ̀tì mú, ẹ ti jẹ́ẹ̀tì sókè pátápátá, ẹ fi ìka tẹ písítìnnì mọ́lẹ̀, kí ẹ wá fún nọ́ọ̀tì náà padà. Àwọn tó dé lẹ́yìn ní sípíríǹgì tó ń ti abẹ́rẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ìyẹn kò fẹ́ ìtò kankan.

Ẹ wá bu ọ́ìlì SAE 20 sínú ọ̀pá náà títí yóò fi ga ju ẹnu rẹ̀ lọ ní mílímítà 13. Ọ́ìlì yìí ni kì í jẹ́ kí písítìnnì fò sókè lójijì nígbà tí ẹ bá tẹ ọkọ̀. Bí ó bá gbẹ, písítìnnì á sáré gòkè, epo kò ní pọ̀ tó lójú ẹsẹ̀, ọkọ̀ á sì wúkọ́ láti ẹnu kábúrétọ̀. Ẹ̀ṣẹ̀ ọ́ìlì ṣíbí kékeré kan ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti tìtorí rẹ̀ tú gbogbo kábúrétọ̀.

Fulótì àti rọ́bà epo

Bí epo bá ń kán láti páìpù àkúnwọ́sílẹ̀, ẹ ṣí ìdérí àgbá fulótì, ẹ dojú rẹ̀ dé, kí ẹ wọn àlàfo láàárín apá fulótì àti etí ìdérí: 3.2 sí 4.8 mílímítà. Ìdọ̀tí lẹ́nu abẹ́rẹ́ fulótì ló sábà ń fà á. Rọ́bà àtijọ́ ló sì sábà ń mú ìdọ̀tí wá, torí ẹ́tánọ́ọ̀lì inú epo òde òní ń jẹ ẹ́ láti inú. Láti oṣù kẹsàn-án 2021, E10 (epo tó ní ẹ́tánọ́ọ̀lì títí dé ìdá 10 nínú 100) ni epo tó wọ́pọ̀ ní Bìrìtéènì. Ẹ fi rọ́bà R9, irú tó lè kojú ẹ́tánọ́ọ̀lì, sí i, kí ẹ sì ra E5, tí ẹ́tánọ́ọ̀lì rẹ̀ kò tó ti E10, bí ẹ bá rí i.

Afẹ́fẹ́ kọ́kọ́ dọ́gba, kí ẹ tó débi epo

Ẹ yọ asẹ́ afẹ́fẹ́. Ẹ tú ìdè irin tó so bọ́tafúláì méjèèjì pọ̀, àti ti ṣóòkù (ohun tó ń fi epo kún un nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá tutù), kí kábúrétọ̀ kọ̀ọ̀kan dá dúró. Ẹ tú ìdè sìlóò títí bọ́tafúláì yóò fi padé, kí ẹ wá yí i wọlé ní ìyípo kan àti ààbọ̀. Ẹ yí nọ́ọ̀tì abẹ́ jẹ́ẹ̀tì sókè títí jẹ́ẹ̀tì yóò fi dọ́gba pẹ̀lú afárá (ilẹ̀ ọ̀nà afẹ́fẹ́ lábẹ́ písítìnnì), kí ẹ wá yí i sódò ní ìyípo méjì, ìyẹn ojú nọ́ọ̀tì 12. Ẹ tan ọkọ̀, kó gbóná dáadáa.

Ẹ fi rọ́bà gígùn kan sí etí, ẹ gbé orí kejì sí ẹnu kábúrétọ̀ kọ̀ọ̀kan, ibi kan náà ní méjèèjì. Ẹ yí ìdè sìlóò títí ariwo “ṣíììì” méjèèjì yóò fi dọ́gba.

Nígbà náà ni epo kàn. Ẹ yí nọ́ọ̀tì méjèèjì lójú kọ̀ọ̀kan, bákan náà: sókè ń dín epo kù, sódò ń fi kún un. Ẹ wá ibi tí ẹ́ńjìnnì ti ń sáré jù, ẹ máa dín epo kù títí yóò fi fẹ́ rẹlẹ̀, kí ẹ sì dá ojú kan padà. Lẹ́yìn èyí, ẹ ti pín-ìn kékeré ẹ̀gbẹ́ kábúrétọ̀ sókè kí písítìnnì gbéra ní 0.8 mílímítà péré. Bí ẹ́ńjìnnì bá sáré tó sì ń sáré lọ, epo pọ̀jù. Bí ó bá rọ̀ tàbí kú, epo kéré. Bí ó bá sáré díẹ̀ tó sì padà sípò, ó pé. Ọwọ́ tí ẹ fi kan kábúrétọ̀ kan máa ń hàn lára ìkejì, nítorí náà ẹ padà wo èkíní. Bí iṣẹ́ yìí bá ju ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ, ẹ gbé ẹ́ńjìnnì dé ìyípo 2,500 ní ìṣẹ́jú kan, fún ìṣẹ́jú àáyá 30, kí epo tó kó jọ lè jáde.

Bí ẹ bá ń di irin ìsopọ̀ padà, ẹ fi àlàfo 0.3 mílímítà sílẹ̀ láàárín pín-ìn àti fọ́ọ̀kì, kí bọ́tafúláì lè padé tán ní sìlóò. Láìsí àlàfo yìí, gbogbo ìdọ́gba tí ẹ ṣe á bàjẹ́ bí ẹ bá ti ń fún ìdè náà.

Ẹ dá asẹ́ padà, ẹ tún pín-ìn náà wò, kí ẹ wa ọkọ̀ bí kìlómítà 15. Ẹ pa á láìjẹ́ kó ṣe sìlóò, kí ẹ yọ púlọ́ọ̀gì. Àwọ̀ wọn kò fi bẹ́ẹ̀ ṣeé gbára lé mọ́ pẹ̀lú epo òde òní, ṣùgbọ́n ẹ fi wọ́n wéra ní méjì-méjì. Kábúrétọ̀ iwájú ló ni 1 àti 2, ti ẹ̀yìn ló ni 3 àti 4. Bí 1 àti 2 bá jọ dúdú bí èédú, ẹ padà sí kábúrétọ̀ iwájú. Bí 1 nìkan bá dúdú tí 2 sì dára, ẹ má fọwọ́ kan kábúrétọ̀. Ẹ lọ wo wáyà púlọ́ọ̀gì 1, àti àlàfo fáàfù 1 àti 2.