Bí o ṣe máa fi ọjọ́ kan ṣe ọmọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Ìlú Ọba ní 1951, láì jẹ kéènì

Ẹ̀yin àgbà, ẹ má bínú o, "o" ni mo máa máa lò nínú eléyìí, torí ọmọ ọdún mẹ́jọ ni yín lónìí. Ọjọ́ Mọ́ńdè ni, oṣù Jánúárì 1951, òtútù ń wọ eegun, Ogun Àgbáyé Kejì ti parí láti 1945 ṣùgbọ́n ráṣọ̀nù, ìyẹn ìwọ̀n tí ìjọba dá fún ohun tí kálukú lè rà, ò tíì parí, King George Kẹfà ló wà lórí oyè, o sì ń lọ sílé-ìwé ní Leeds tàbí Birmingham tàbí East London, èyí tó bá wù ẹ́. Mo ń kọ ọ́ torí pé àwọn tó ń kọ ìtàn nípa ìgbà yẹn máa ń gbé ọmọ jókòó síbẹ̀ bíi fọ́tò lásán, wọn ò mọ ohun tí ọwọ́ ọmọ náà ń ṣe. Àwọn tíṣà ìgbà yẹn kì í ṣàlàyé fún àlejò. Gbogbo ọmọ tó kù ti mọ̀ ọ́n, ìwọ nìkan ni o ò mọ̀.

Kọ́kọ́ wọṣọ ná. Tó o bá jẹ́ ọkùnrin, ṣòkòtò péńpé ni, bí yìnyín bá ń bọ́ bí kò bọ́, péńpé náà ni, pẹ̀lú sọ́kìsì gígùn tó dé orúnkún, súwẹ́tà tí màmá fọwọ́ hun, àti fìlà olówùú tó bo orí àti etí pọ̀. Tó o bá jẹ́ obìnrin, síkẹ́ẹ̀tì ni, orúnkún tìẹ náà á rí òtútù. Má wá yunifọ́ọ̀mù kiri, kò pọn dandan ní ọ̀pọ̀ ilé-ìwé ìjọba, ó ṣe tán 1949 ni aṣọ gan-an ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú ráṣọ̀nù. Bàtà òjò onírọ́bà á ha ẹ́ lẹ́sẹ̀, á sì fi òrùka pupa sí i, gbogbo wọn ló ní in. Ohun tó ṣe pàtàkì jù ni áńkáṣíìfù: di owó oúnjẹ ọ̀sán ọ̀sẹ̀ yìí sí igun ẹ̀ kan, kó o sì rántí pé igun tó kù lo máa fi nu imú.

Nígbà tó o bá dé gbàgede, tíṣà máa fọn fèrè. Dúró gbagidi níbi tó o wà, kódà kí ẹsẹ̀ ẹ kan wà lókè. Fèrè ẹlẹ́ẹ̀kejì ni kó o fi sá lọ tò sórí ìlà kíláàsì ẹ. Ọmọ tó bá ṣì ń rìn lẹ́yìn fèrè àkọ́kọ́ ni wọ́n máa ń fi ìka tọ́ka sí, wàá sì fẹ́ kó jẹ́ ẹlòmíì.

Asẹ́ńbílì ló kàn, òfin ẹ̀kọ́ 1944 ló ní kí gbogbo ilé-ìwé tí ìjọba ń náwó sí máa fi àdúrà bẹ̀rẹ̀ ọjọ́. Jókòó sílẹ̀ pátákó, ká ẹsẹ̀, kọrin ẹ̀mí, sọ Àdúrà Olúwa, gbọ́ ọ̀rọ̀ hẹ́dímásítà, má rẹ́rìn-ín tí ẹnìkan bá só. Òfin yẹn kan náà ló fún òbí láyè láti ní kí ọmọ òun má bá wọn ṣe é, ìdí nìyẹn tó o fi máa rí àwọn ọmọ Kátólíìkì tàbí ọmọ Júù kan tí wọ́n dúró síta títí àdúrà á fi parí.

Ní kíláàsì, ẹ lè lé ní ogójì. Dẹ́sìkì onígi ni, ẹni méjì lórí ọ̀kan, wọ́n sì kàn án mọ́ àga. Tí wọ́n bá ń pe rẹ́jísítà, "Yes, Miss" ni, tí ọkùnrin bá ni tíṣà, "Yes, Sir". Lẹ́yìn náà ni wọ́n á gba owó oúnjẹ, tú igun áńkáṣíìfù yẹn kíá torí ìka tó ti gan á máa ṣe ẹ́ ní wàhálà níwájú gbogbo èèyàn.

Ìṣirò ló máa ń ṣáájú. Gbogbo kíláàsì á jọ máa pariwo ìlọ́po, méjì lọ́nà méjì títí dé méjìlá lọ́nà méjìlá, ohùn kan bí orin. Má bi mí pé kí ló dé tí wọn ò dúró sí mẹ́wàá. Owó wọn ni. Pẹ́nì 12 ni ṣílè kan, ṣílè 20 ni pọ́n-ùn kan, ìyẹn ni pé pẹ́nì 240 ló wà nínú pọ́n-ùn (tọ́rọ́ àti sísì tí àwọn bàbá wa ń pè, inú owó yìí náà ni wọ́n ti wá). Gbé e báyìí: pọ́n-ùn 2, ṣílè 13, pẹ́nì 8, kó o fi pọ́n-ùn 1, ṣílè 9, pẹ́nì 7 kún un. Apá ọ̀tún ni kó o ti bẹ̀rẹ̀. Pẹ́nì 8 àti 7 jẹ́ 15, yọ 12 kúrò, ó ku 3, kọ 3 sílẹ̀, gbé ṣílè 1 lọ. Ṣílè 13 àti 9 àti 1 tó o gbé jẹ́ 23, yọ 20, kọ 3, gbé pọ́n-ùn 1. Gbogbo ẹ̀ wá jẹ́ pọ́n-ùn 4, ṣílè 3, pẹ́nì 3. Ẹni tó bá gbé e ní mẹ́wàá mẹ́wàá bí a ṣe ń ṣe lónìí ti kùnà nìyẹn, 1971 ni wọ́n tó yí owó náà padà, kò lè ràn ẹ́ lọ́wọ́.

Ọ̀rọ̀ íǹkì wá dé. Ibí ni àlejò ti máa ń ya òpè jù. Kò sí bírò lọ́wọ́ ẹ, gègé ni, igi tín-ínrín tó ní ẹnu irin, íǹkì sì wà nínú ife tánganran kékeré tí wọ́n kì bọ ihò lórí dẹ́sìkì. Ọmọ kan wà tí wọ́n fi ṣe mọ́nítọ̀ íǹkì, òun ló ń po ìyẹ̀fun íǹkì mọ́ omi tó sì ń bu ún káàkiri, ipò ńlá ni o, bọ̀wọ̀ fún un. Ki ẹnu irin yẹn bọ ife dé ìdajì, má jẹ́ kó mu yó, fi kan etí ife kí èyí tó pọ̀ jù kán padà. Tó o bá ń fa ìlà bọ̀ wálẹ̀, o lè tẹ̀ ẹ́ díẹ̀. Tó o bá ń fà á lọ sókè, jẹ́ kí ọwọ́ ẹ fúyẹ́ bí ìyẹ́, torí tó o bá fi agbára tì í, ẹnu ẹ̀ á há mọ́ bébà, á wá jáde lójijì, íǹkì á sì fọ́n sójú ìwé bíi pé ẹnìkan sín sí i. Tó bá kán sílẹ̀, má fọwọ́ nù ún. Bébà kan wà tó máa ń mu omi, gbé e lé e, tẹ̀ ẹ́ jẹ́jẹ́, má gbo ó. Àwọn ọmọ burúkú máa ń ya bébà yẹn wẹ́wẹ́, wọ́n á ki í bọ íǹkì, wọ́n á fi rúlà ta á mọ́ ẹ lẹ́yìn ọrùn, má bojú wẹ̀yìn torí ẹni tó bojú wẹ̀yìn ni tíṣà máa rí.

Tó bá jẹ́ ọwọ́ òsì lo fi ń kọ̀wé, ojú ẹ máa rí nǹkan. Ńṣe lo máa ń ti gègé dípò kó o máa fà á, ọwọ́ ẹ á sì máa gbo ohun tó o ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ. Yí ìwé ẹ dábùú kí ọwọ́ ẹ lè wà nísàlẹ̀ ìlà. Àwọn tíṣà kan ò tiẹ̀ ní jẹ́ kó o dé ibẹ̀, wọ́n á ní kó o gbé gègé sí ọ̀tún, tó o bá kọ̀ wọ́n á fi rúlà nà ẹ́ ní eegun ìka. Ìwà òǹrorò ni, èmi ò lè pè é ní nǹkan míì.

Kí eré ìsinmi àárọ̀ tó bẹ̀rẹ̀, mílíìkì. Láti 1946 ni òfin ti fún gbogbo ọmọ ilé-ìwé ní ìgò kékeré kan lójúmọ́ lọ́fẹ̀ẹ́, ìdákan nínú mẹ́ta páìntì. Ìta ni wọ́n máa ń gbé kéréètì ẹ̀ sí láti àárọ̀, nítorí náà ní Jánúárì ó ti di yìnyín, ọ̀rá ẹ̀ á yọrí sókè á ti ọmọrí dànù. Tíṣà tó láàánú á gbé e sún mọ́ sítóòfù kó lè yọ́, àánú yẹn ló burú jù torí ó máa ń lọ́ wọ́ọ́rọ́, òórùn ẹ̀ á sì máa dà ẹ́ láàmú. Ọgbọ́n ẹ̀ ni pé kó o sáré gba ìgò tó wà nísàlẹ̀ kéréètì, tó jìnnà síná. Lu ihò àárín ọmọrí páálí ẹ̀, ki sítírọ́ọ̀ bọ̀ ọ́, fà á lẹ́ẹ̀kan náà láì mí. Má ju ọmọrí páálí nù, méjì tó bá lẹ̀ pọ̀ ni wọ́n ń we òwú mọ́ láti fi ṣe bọ́ọ̀lù olówùú. Tí ihò bá ti wà lórí ọmọrí kó o tó débẹ̀, ẹyẹ ló ti kọ́kọ́ jẹ ọ̀rá ẹ̀, èyí kì í ṣe àwàdà.

Níta, wàá rí i pé àwọn ọkùnrin ti fi ẹsẹ̀ dán yìnyín ilẹ̀ gbàgede bíi dígí. Sá eré díẹ̀, gbé ẹsẹ̀ kan ṣáájú, rọ orúnkún, jẹ́ kó gbé ẹ lọ. Bàtà tó ní ìṣó nídìí ló ń yọ̀ jù. Tètè ṣe é o, torí olùtọ́jú ọgbà á gbé garawa eérú dé láìpẹ́ á sì bà á jẹ́. Súwè náà wà, fífo okùn wà, máábù wà. Tí wọ́n bá ń lé ẹ tó ti rẹ̀ ẹ́, ká ìka méjì mọ́ra kó o pe ọ̀rọ̀ ìdádúró, kò sẹ́ni tó máa fọwọ́ kàn ẹ́. Ṣùgbọ́n ó ní ibi tí kálukú ti ń lò ó: ní London "fainites" ni, ní Scotland "barley" ni, ní apá ìlà-oòrùn England "kings" ni. Tó o bá pe tibòmíì, wọ́n á gbá ẹ mú, wọ́n á tún fi ẹ́ rẹ́rìn-ín.

Ọ̀sán: ọkọ̀ lè gbé oúnjẹ dé nínú agolo irin ńlá láti ibi tí wọ́n ti ń sè é fún ilé-ìwé púpọ̀. Ẹran tín-ínrín, ọ̀dùnkún gígún, kábéèjì tí wọ́n ti sè títí ó fi gbàgbé pé ewé ni òun. Kábéèjì yẹn ni kó o kọ́kọ́ jẹ nígbà tó ṣì gbóná, torí wọn ò ní jẹ́ kó o dìde tí àwo ò bá mọ́, tó bá sì tutù, ó parí. Lẹ́yìn ẹ̀ sẹ̀mólínà, èyí tí wọ́n fi mílíìkì sè, kì í ṣe èyí tí wọ́n ń fi ọbẹ̀ jẹ o, tàbí tapíókà tí àwọn ọmọ ń pè ní ẹyin ọ̀pọ̀lọ́. Di ojú.

Ọ̀sán kì í fi bẹ́ẹ̀ le. Rédíò BBC fún ilé-ìwé, aṣọ rírán fún obìnrin, yíya nǹkan. Tí nọ́ọ̀sì bá wá yẹ orí wò, kò sí ọgbọ́n tó o lè dá lọ́jọ́ náà, alẹ́ Sọ́ńdè ló yẹ kí màmá ti fi kóòmù eléyín wẹ́wẹ́ ya irun ẹ lórí ìwé ìròyìn. Ọmọ tó bá gba lẹ́tà lọ́wọ́ ẹ̀ láti mú lọ sílé, kí ilẹ̀ tó ṣú gbogbo òpópó á ti mọ̀ pé iná orí ni.

Kéènì wà lọ́dọ̀ hẹ́dímásítà, ó sì ní ìwé tí wọ́n ń kọ ẹni tó jẹ ẹ́ sí. Ní Scotland, bẹ́líìtì aláwọ ni. Ẹjọ́ tó ń gbé èèyàn débẹ̀ kì í pọ̀: èsì ẹnu, irọ́, ìjà, pípẹ́ lẹ́yìn.

Wàá rí i pé àwọn ọmọ ọdún mẹ́wàá ò rẹ́rìn-ín bíi tiyín. Eleven-plus, ìdánwò tó ń pinnu irú ilé-ìwé girama tí ọmọ máa lọ, ń bọ̀ wá bá wọn: ìṣirò, Gẹ̀ẹ́sì, àti ìbéèrè làákàyè. Ẹni tó bá yege á lọ sí grammar school, ọ̀pọ̀ tó kù á lọ sí secondary modern, níbi púpọ̀ nǹkan bí ọ̀kan nínú márùn-ún ló ń wọ grammar school. Lágbègbè mélòó kan, ọmọbìnrin gbọ́dọ̀ gba máàkì ju ọkùnrin lọ torí àyè tiwọn ò tó, wọn ò sì sọ fún wọn. Tìẹ ṣì ku ọdún mẹ́ta, fi ẹ̀kọ́ íǹkì sọ́kàn ná.

Aago mẹ́rin: àdúrà, kóòtù. Kò sẹ́ni tó ń bọ̀ wá mú ẹ, ìwọ náà lo ń rìn délé. Má yà sí ibi tí bọ́ǹbù wó ilé sí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé gbogbo yín lẹ máa yà. Ṣọ́ọ̀bù súwíìtì ṣì ń gba kúpọ̀nù, wọ́n tú u sílẹ̀ ní Éépírì 1949, àwọn èèyàn rọ́ lù ú débi pé ní Ọ́gọ́ọ̀sì wọ́n tún dá ráṣọ̀nù padà, ó di Fẹ́búárì 1953. Tó o bá délé, fi lẹ́mọ́ọ̀nù tàbí ọṣẹ gbo íǹkì ìka ẹ, kó o sì na sọ́kìsì síwájú iná. Méjì péré lo ní, ọ̀kan ti wà nínú omi.