Bí kọ̀ntéénà ṣe máa rí fódà tó wà lórí Windows yín

Ẹ̀yin èèyàn wa l'Ádó, pàápàá ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní EKSU lọ́nà Ìwòròkò tẹ́ ẹ ń lo VirtualBox (ètò tó ń dá kọ̀ǹpútà mìíràn, ìyẹn VM, sílẹ̀ nínú kọ̀ǹpútà yín) torí pé láptọ́ọ̀pù yín ò lè gbé Docker Desktop (Docker ló ń fi kóòdù ṣiṣẹ́ nínú àpótí àdáni tí wọ́n ń pè ní kọ̀ntéénà), ọ̀rọ̀ yìí kàn yín o. Kóòdù wà lórí Windows, Docker wà nínú Ubuntu tó wà nínú VirtualBox, ẹ wá ní kí kọ̀ntéénà lọ wo C:\ise. Kò lè rí i náà. Ubuntu ni géètì, kọ̀ntéénà ni yàrá inú lọ́hùn-ún, géètì lẹ máa kọ́kọ́ ṣí.

Ẹ lọ sí Settings VM tí Ubuntu wà nínú ẹ̀ yẹn, ẹ tẹ Shared Folders, ẹ fi C:\ise sí i, ẹ pè é ní ise, ẹ máàkì Auto-mount. Tí VM bá ti ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́, ẹ máàkì Make Permanent náà, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ tẹ́ ẹ bá ti pa VM báyìí, ó ti lọ nìyẹn. Ẹ wá wọ inú Ubuntu, àṣẹ àkọ́kọ́ á gbé irinṣẹ́ VirtualBox wọlé, ìkejì á fún yín láyè láti ṣí fódà náà:

sudo apt install virtualbox-guest-utils
sudo usermod -aG vboxsf $USER

Ẹ pa VM, ẹ tún un tàn. /media/sf_ise lẹ ti máa rí i. Ẹ ṣe ls níbẹ̀, tí fáìlì ò bá jáde ẹ má tíì da Docker láàmú rárá. Tó bá jáde, ẹ fi --mount so fódà náà mọ́ kọ̀ntéénà, /app ló máa rí i sí:

docker run --rm --mount type=bind,source=/media/sf_ise,target=/app alpine ls /app

Èmi fẹ́ràn --mount ju -v (ọ̀nà kejì tí wọ́n ń gbà so fódà mọ́ kọ̀ntéénà) lọ, torí -v tí ò bá rí fódà tẹ́ ẹ pè, ńṣe ló máa dá òfìfo kan sílẹ̀ láìsọ nǹkan kan, ẹ ó wá máa wá kóòdù yín kiri, ṣùgbọ́n --mount á pariwo. Bẹ́ẹ̀ náà tí iná bá lọ tí bátìrì sì kú (ẹ ṣáà mọ bí iná wa ṣe rí), kọ̀ntéénà tó ní --restart always (tó máa ń tún ara ẹ̀ tàn) lè jí kí fódà yẹn tó wọlé, òfìfo ló máa rí. Ẹ ṣe docker restart, ó tán.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbé Postgres (dàtábéèsì) sórí fódà yìí o. Postgres máa fẹ́ yí ẹni tó ni fódà padà sí orúkọ ara ẹ̀, vboxsf (ohun tó ń gbé fódà Windows wọ Ubuntu) ò ní gbà fún un, ibẹ̀ náà ló máa kú sí. Volume (ibi ìpamọ́ tí Docker fúnra ẹ̀ ń bójú tó) ni kẹ́ ẹ lò, bíi -v pgdata:/var/lib/postgresql/data fún postgres:16. node_modules (fódà tí Node.js ń kó àwọn package sí) náà, inú volume ló ń gbé, torí ó máa ń ní symlink (fáìlì tó kàn ń tọ́ka sí fáìlì mìíràn) nínú, VirtualBox kì í sì í gbà á àfi tẹ́ ẹ bá ṣí i fún un.

Ó ku kinní kan, tẹ́ ẹ bá yí fáìlì padà lórí Windows, inotify (ohun tó ń sọ fún ètò pé fáìlì ti yí padà) ò ní gbọ́ nínú Ubuntu, nítorí náà tí irinṣẹ́ yín bá ń lo chokidar (ètò tó ń ṣọ́ fáìlì), ẹ fi -e CHOKIDAR_USEPOLLING=true sí i. Á máa yẹ fáìlì wò léraléra, á jẹ CPU o, fáànù á máa hó, tó bá jẹ́ bátìrì lẹ fi ń ṣiṣẹ́, ẹ yọ ọ́ kúrò kẹ́ ẹ máa fọwọ́ ṣe restart.