Oògùn Tí Kòkòrò Gbọ́dọ̀ Jẹ Kó Tó Kú: Ìtọ́sọ́nà Lórí Lílo Bt

Bakitéríà kan wà nínú ilẹ̀ tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Bacillus thuringiensis, èyí tí àwọn tó ń tà á ń pè ní Bt. Bí oúnjẹ bá ti wọ́n ọn, á ṣe wóró púrótéènì kan sínú ara rẹ̀, wóró yìí gan-an sì ni oògùn tí à ń sọ. Ará Jàpáánì kan, Ishiwata, ló kíyè sí i ní 1901, nígbà tí àìsàn òjijì ń pa kòkòrò tí wọ́n ń sìn fún òwú sílíìkì, tó jọ èyí tó ń ṣe sányán nílẹ̀ wa. Ní 1911, Ernst Berliner rí i lára àfòpiná inú ìyẹ̀fun ní Jámánì, ó sì fi orúkọ agbègbè Thuringia sọ ọ́.

Bt kì í pa kòkòrò nípa pé ó kàn án lára. Àfi kó jẹ ẹ́. Inú kòkòrò ajẹwé, ìyẹn ọmọ labalábá àti ti àfòpiná, kò kan bíi tiwa, ṣe ló dà bí omi eérú tí a fi ń se ọṣẹ dúdú. Nínú omi yìí ni wóró náà ti ń yọ́, tí á lẹ̀ mọ́ ògiri ìfun, tí á sì dá a lu. Láàárín wákàtí díẹ̀, kòkòrò náà kò ní lè jẹun mọ́, ṣùgbọ́n ó lè tó ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta kó tó kú. Ibi tí ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ ti ń pè é ní ayédèrú nìyí, torí Gàmàlíìn, oògùn apakòkòrò àtijọ́, ló ti mọ́ wọn lára, èyí tó jẹ́ pé bí wọ́n bá ti fọ́n ọn, kòkòrò á já bọ́ lójú ẹsẹ̀. Ẹ má wo kòkòrò, ewé ni kí ẹ wò: bí kò bá sí ojú ìjẹ tuntun lára rẹ̀ lọ́jọ́ kejì, oògùn ti ṣiṣẹ́.

Oòrùn máa ń ba Bt jẹ́, òjò sì ń fọ̀ ọ́ dànù, nítorí náà ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí òjò kò ṣú ni kí ẹ fọ́n ọn, kí ó kan òkè ewé àti abẹ́ rẹ̀. Kòkòrò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ látinú ẹyin ló rọrùn jù láti pa. Bí ìgbẹ́ rẹ̀ tó dà bí lẹ́búlẹ́bú igi bá ti kún àárín ewé àgbàdo, ó ti dàgbà jù, a sì ti pẹ́. Ìwọ̀n tó wà lára páálí ni kí ẹ tẹ̀ lé, ẹ má sì fi omi eérú pò ó, kí wóró náà má baà yọ́ ṣáájú àkókò. Tata àti kòkòrò tó ń fa omi ewé mu kò sí lábẹ́ agbára rẹ̀. Ẹ má fọ́n ọn sára igi tí ẹ ti ń ṣa munimuni, torí ọmọ àfòpiná ni òun náà.

Kòkòrò tó bá ti wọnú èèpo ẹ̀wà, oògùn ìfọ́n kò lè bá a níbẹ̀. Ìdí nìyí tí àwọn onímọ̀ ní Zaria fi ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀wà SAMPEA 20-T, tó ń ṣe púrótéènì náà fúnra rẹ̀, tí ìjọba Nàìjíríà sì fọwọ́ sí ní 2019. Síbẹ̀, kòkòrò tó ń gbẹ́ èèpo ni ó ń dènà. Àwọn yòókù ṣì ń fẹ́ oògùn tiwọn.

Fún ìdílé, oríṣi kan tí wọ́n rí ní Ísírẹ́lì ní 1976, israelensis, ló ń pa tanwíjí nínú gọ́tà àti omi adágún. Òun ni wọ́n tún dà sínú àwọn odò Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, títí kan ti Benin àti Togo, láti dènà kòkòrò tó ń fa ìfọ́jú etí odò. Tanwíjí tó ti ká kò, tí orí rẹ̀ tóbi, kò jẹun mọ́, oògùn náà kò sì ní ràn án. Ẹ da irú omi bẹ́ẹ̀ sórí ilẹ̀ gbígbẹ.