Yẹ́lò Lọ́wọ́ Òsì: Bí Mo Ṣe Tún Ọkọ̀ Kọ́ ní Houston

Àárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi ni. Aago méje kọjá díẹ̀, ilẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ́, mo yà ra epo kí a tó máa lọ sí ìsìn àkọ́kọ́. Títì dá wáí, kò sí ọkọ̀ níwájú, kò sí lẹ́yìn. Mo jáde ní ilé epo, mo yí sítíárì, mo bọ́ sójú títì, ọkàn mi balẹ̀ pẹ̀sẹ̀. Ọmọ mi àgbà, ọmọ ọdún méje, ló pariwo láti ẹ̀yìn: "Mọ́mì, ẹ̀gbẹ́ kejì! Ẹ̀gbẹ́ kejì!" Apá òsì ni mo wà. Mò ń wakọ̀ bí ẹni tó ń ti Peckham lọ sí Camberwell, nínú ìlú Houston, ní ìpínlẹ̀ Texas.

Mo padà sápá ọ̀tún kí ọkọ̀ kankan tó yọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí a dé ṣọ́ọ̀ṣì, ọwọ́ mi ń gbọ̀n débi pé mi ò lè tú bẹ́líìtì ọmọ kékeré. Ibẹ̀ ni mo ti pinnu pé láísẹ́ǹsì Texas tí mò ń wá, mi ò ní wá a bí ẹni tó kàn fẹ́ gba ìwé. Màá kọ́ ọkọ̀ bí ẹni tí kò wà á rí. Ohun tí mo ṣe ni mo fẹ́ sọ, nítorí mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú wa ló ń ti Lọ́ńdọ̀nù bọ̀ níhìn-ín.

Ìbàdàn ni wọ́n bí mi sí. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí nígbà tí ìyá mi mú mi lọ sí Lọ́ńdọ̀nù. Peckham ni mo gbé dàgbà, ibẹ̀ ni mo ti lọ́kọ, ibẹ̀ ni mo bí ọmọ mi méjèèjì sí. Iṣẹ́ ọkọ mi ló gbé wa wá sí Houston lóṣù kẹjọ ọdún tó kọjá. Ní Peckham, mo ní ọkọ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọjọ́ tí kò bá wù mí wà, bọ́ọ̀sì 12 ń bẹ, 36 ń bẹ, àwọn ọmọ kì í sì í san kọ́bọ̀ nínú rẹ̀. Ẹsẹ̀ ni mo fi ń rìn lọ ra iṣu ní Rye Lane. Níbi tí a ń gbé báyìí, títì ńlá kan ló wà láàárín àwa àti ilé ìtajà tó sún mọ́ wa jù, apá kan rẹ̀ kò tilẹ̀ ní ibi tí ẹlẹ́sẹ̀ lè gbà. Ọkọ̀ ni ẹsẹ̀ níbí. Ìyá tí kò bá lè wakọ̀, inú ilé ló máa jókòó sí títí ọkọ rẹ̀ á fi dé.

Òfin Texas ni pé ẹni tó bá wá fìdí kalẹ̀ lè fi láísẹ́ǹsì ìlú tó ti wá wakọ̀ fún ọjọ́ 90. Lẹ́yìn ìyẹn, ti Texas ni. Àwọn ará Jámánì àti Faransé ní àdéhùn pẹ̀lú wọn, wọ́n lè pààrọ̀ tiwọn. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò sí nínú àdéhùn yẹn, nítorí náà ìdánwò ìwé àti ìdánwò ojú títì di dandan fún mi. Nígbà tí mo pe àwọn oníńṣọ́ránsì, ẹni tó gbé fóònù bi mí pé ọdún mélòó ni mo ti fi láísẹ́ǹsì Amẹ́ríkà wakọ̀. Mo sọ fún un pé mo ti wakọ̀ fún ọdún 18 ní Lọ́ńdọ̀nù, mi ò sì fi gbá ẹnikẹ́ni rí. Ó ní ti Amẹ́ríkà lòun bi mí. Òdo ló kọ sílẹ̀. Ó dùn mí gan-an ni.

Ọ̀rọ̀ ìwé kò le, bí o bá ti kó wọn jọ kí o tó kúrò nílé. Mo mú ìwé ìrìnnà mi àti ìwé físà dání, mo mú nọ́ḿbà Social Security mi, ìyẹn nọ́ḿbà tí ìjọba Amẹ́ríkà fi ń dá èèyàn mọ̀, mo sì mú ẹ̀rí pé a ń gbé ní Texas. Níbẹ̀ ni nǹkan ti fẹ́ há, nítorí orúkọ ọkọ mi ló wà lórí gbogbo bíìlì ilé. Ọkọ mi ní láti bá mi lọ, ó fọwọ́ sí ìwé pé abẹ́ òrùlé kan náà la ń gbé, mo sì fi ìwé ẹ̀rí ìgbéyàwó wa hàn wọ́n. Bí irú rẹ̀ bá wà nílé tìrẹ, ẹ jọ lọ ni. Owó rẹ̀ jẹ́ dọ́là 33. Wọ́n yẹ ojú mi wò, wọ́n tẹ ìka mi, wọ́n ya fọ́tò.

Ìdánwò ìwé jẹ́ ìbéèrè 30, 21 ni èèyàn gbọ́dọ̀ gbà. Ti Lọ́ńdọ̀nù tí mo ṣe nígbà èwe jẹ́ 50, wọ́n sì ń retí 43, fídíò ewu ojú títì tún wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má tìtorí ìyẹn fojú kéré tibí o. Àwọn nǹkan kan wà nínú ìwé wọn tí a kì í ṣe rárá nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Iná pupa ń jó, o sì lè yà sápá ọ̀tún, bí o bá ti dúró tán tí o rí i pé kò sí ẹni tó ń bọ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo ṣe é, ara mi kọ̀ ọ́. Àwọn tó wà lẹ́yìn mi fọn fèrè títí. Iná náà tún yàtọ̀: ní Lọ́ńdọ̀nù, pupa àti yẹ́lò á kọ́kọ́ tàn pọ̀ kí o lè múra, kí gíríìnì tó dé. Níbí, láti pupa ló ti ń bọ́ sí gíríìnì lẹ́ẹ̀kan náà.

Èyí tí mo kà lẹ́ẹ̀mẹta ni ti bọ́ọ̀sì àwọn ọmọléèwé, bọ́ọ̀sì aláwọ̀ yẹ́lò yẹn tí gbogbo wa ti rí nínú fíìmù. Láti ọdún 1939 ni wọ́n ti jọ fohùn ṣọ̀kan lórí àwọ̀ yẹn, kí awakọ̀ lè tètè rí i bí ilẹ̀ kò bá tíì mọ́ tán. Bí ó bá dúró, pátákó STOP kan á yọ jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ bí apá, iná pupa á máa ṣẹ́jú. Ó di dandan kí o dúró. Kì í ṣe ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ̀ nìkan, ẹni tó ń bọ̀ níwájú náà gbọ́dọ̀ dúró, àfi bí ìdènà bá wà láàárín títì tó pín in sí méjì. Ẹni tó bá kọjá, ó kéré tán dọ́là 500 ni yóò san. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, bí bọ́ọ̀sì bá dúró, ńṣe là ń yà á sílẹ̀ tí a ń kọjá lọ, ìdí nìyẹn tí mo fi ń tẹnu mọ́ ọn. Ọmọ ọlọ́mọ lè wà níwájú bọ́ọ̀sì yẹn, ó ń sáré bọ̀ lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀.

Mo gba 28 nínú 30. Ó wá ku ọwọ́ àti ẹsẹ̀.

Mo gbọ́dọ̀ sọ ọ̀rọ̀ bàbá mi níbí, torí òun ló tún mi ṣe. Ọ̀sán ọjọ́ Ìsinmi tí mo fi ṣìnà yẹn ni mo pè wọ́n n'Ìbàdàn. Wákàtí mẹ́fà ni wọ́n fi ṣáájú wa, wọ́n ti jẹun alẹ́ tán. Mo kí wọn, mo sì sọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Wọ́n dákẹ́ díẹ̀, wọ́n wá ní, "Àbẹ̀kẹ́, ṣé o mọ̀ pé apá òsì làwa náà ń gbà tẹ́lẹ̀?"

Mo mọ̀ ọ́n gẹ́gẹ́ bí ìtàn. Mi ò rò ó rí pé ara bàbá mi ló ṣẹlẹ̀ sí. Ọjọ́ kejì oṣù kẹrin ọdún 1972 ni, ọjọ́ Àjíǹde. Nàìjíríà kúrò lápá òsì tí àwọn Òyìnbó Gẹ̀ẹ́sì fi sílẹ̀ fún wa, a bọ́ sí ọ̀tún, nítorí pé Dàhòmì (Benin òde òní), Niger àti Kamẹrúùnù tó yí wa ká, ọ̀tún ni wọ́n ń gbà. Ọ̀dọ́mọkùnrin ni bàbá mi nígbà náà, ọkọ̀ akẹ́rù ni wọ́n ń wà láti Èkó sí Ìbàdàn.

"Ọjọ́ àkọ́kọ́ kọ́ ló nira," wọ́n ní. "Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, gbogbo ayé ló lajú sílẹ̀. Nígbà tó tó bí oṣù kan tí ara rọ̀ wá, ìgbà yẹn lọwọ́ ń fẹ́ padà síbi tó mọ̀. Bí ọkọ̀ bá pọ̀ lójú ọ̀nà, ọkọ̀ iwájú á fọ̀nà hàn ọ́. Ibi tó bá dá ni kí o ti bẹ̀rù. Kí o tó yí sítíárì, fẹnu sọ ọ́ síta. Ọmọ ẹ̀yìn ọkọ̀ mi ló máa ń ké e fún mi ní gbogbo ìkóríta: Ọ̀tún! Èmi náà á ké e padà."

Ọmọ mi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó ń gbọ́. Ó ní òun lòun máa jẹ́ ọmọ ẹ̀yìn ọkọ̀ mi.

Ohun tí a ń ké ni kò jọ ti bàbá mi. Ẹ̀gbọ́n kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa tó ti pẹ́ ní Houston ló fi hàn mí. Ní Lọ́ńdọ̀nù, ìlà funfun ló wà láàárín títì. Etí títì ni yẹ́lò ń gbé, láti kìlọ̀ fún àwọn tó fẹ́ pákì. Níbí, yẹ́lò ló pín àwọn tó ń lọ àti àwọn tó ń bọ̀ níyà, funfun sì wà láàárín àwọn tí wọ́n jọ ń lọ síbì kan náà. Ìyẹn ni pé níbikíbi tí o bá wà, bí yẹ́lò bá wà lọ́wọ́ òsì rẹ, o wà lọ́nà rẹ. Bó bá ti wà lọ́wọ́ ọ̀tún, sá kúrò níbẹ̀. Ọmọ mi gé ìwé yẹ́lò, ó fi sẹ́lótéèpù lẹ̀ ẹ́ mọ́ igun òsì lábẹ́ gíláàsì iwájú. Bí mo bá ti fẹ́ kúrò níbi tí mo pákì sí, á ké láti ẹ̀yìn, "Yẹ́lò!" Èmi àti àbúrò rẹ̀ á gbè é: "Lọ́wọ́ òsì!" Bí a ṣe ń gbe àlọ́ ni. Bí èmi nìkan bá wà nínú ọkọ̀, mo ń dá a ké, mo sì ń dá a gbè.

Pákì láàárín ọ̀pá méjì ni mo fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọ́. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, etí títì apá òsì ni mo ti mọ bí a ti í ṣe é, dígí òsì ni mo ń wò, ọrùn mi mọ ibi tó ń yí sí. Níbí gbogbo rẹ̀ yí padà, bí ẹni tó ń fọwọ́ òsì kọ̀wé. Ẹ̀gbọ́n yẹn gbé garawa ìdalẹ̀ méjì sílẹ̀ fún mi níwájú ilé ìjọsìn lálaalẹ́ Ọjọ́rú, wọ́n dúró nínú ooru Houston, wọ́n ń fọwọ́ júwe. Ọlọ́run á bá mi san án fún wọn.

Kí wọ́n tó gbé ọ bọ́ sójú títì, o gbọ́dọ̀ wo fídíò wákàtí kan tí wọ́n ń pè ní Impact Texas Drivers, lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Àwọn tí ọmọ wọn tàbí ẹ̀gbọ́n wọn kú sínú jàǹbá nítorí ẹni tó ń tẹ fóònù ló ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Mo sunkún. Mo gbé fóònù mi sínú àpò ẹ̀yìn ọkọ̀ láti ọjọ́ yẹn, ibẹ̀ ló ṣì ń wà.

Ilé ẹ̀kọ́ ìwakọ̀ kan tí ìjọba fún láṣẹ ni mo ti ṣe ìdánwò ojú títì. Ọkọ̀ tìrẹ ni wàá gbé lọ, pẹ̀lú ìwé ìńṣọ́ránsì rẹ̀. Mo pákì láàárín ọ̀pá, kò kàn án. Mo fẹ̀yìn rìn lórí ìlà gbọọrọ. Inú mi ti ń dùn. A dé ìkóríta kan tí pátákó STOP wà. Mo tẹ bíréèkì, mo wo òsì, mo wo ọ̀tún, kò sẹ́ni kankan, mo lọ. Olùdánwò kọ nǹkan sílẹ̀. Nígbà tí a padà dé, ó ní mo fìdí rẹmi: táyà mi kò dúró, ńṣe ló ń yí jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Òtítọ́ ló sọ. Ní Lọ́ńdọ̀nù, onígun mẹ́ta tó ń sọ pé kí o fún ẹlòmíràn lọ́nà ló pọ̀ ní ìkóríta wa. Bí ọ̀nà bá mọ́, a kì í dúró. Ọdún 18 ni ẹsẹ̀ mi ti fi kọ́ ìyẹn.

Dọ́là 33 tí mo ti san fún ìjọba ló fún èèyàn láyè ìgbà mẹ́ta láàárín ọjọ́ 90, nítorí náà mi ò san òmíràn fún wọn. Mo lọ ń kọ́ ìdúró. Bí mo bá ti dé ibi STOP, mo ń kà á síta, ení, èjì, ẹ̀ta, kí ẹsẹ̀ mi tó kúrò lórí bíréèkì. Ọmọ kékeré fẹ́ràn èyí ju ti yẹ́lò lọ. Ó máa ń kà á dé ẹ̀wá, a ó sì dúró dè é bí kò bá sí ọkọ̀ lẹ́yìn. Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà mo padà lọ, mo sì yege. Wọ́n fún mi ní ìwé èsì, mo mú un padà sí ọ́fíìsì ìjọba, wọ́n fún mi ní ìwé kan láti máa lò ná. Páálí gangan dé láti ojú pósítì.

Nǹkan kan kù tí mi ò rò tẹ́lẹ̀. Ẹsẹ̀ àwọn ọmọ mi náà ti kọ́ Lọ́ńdọ̀nù. Wo ọ̀tún, wo òsì, tún wo ọ̀tún, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe kọ́ wọn nílé ẹ̀kọ́. Níbí, ọkọ̀ tó máa kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ wọn, apá òsì ló ń gbà bọ̀. Mo di ọwọ́ wọn mú níwájú ilé wa ní ìrọ̀lẹ́ ìrọ̀lẹ́, a ń sọdá, a ń padà: wo òsì, wo ọ̀tún, tún wo òsì. Bí ìyá àgbà ṣe kọ́ mi n'Ìbàdàn gan-an nìyẹn, kí n tó lọ sí Peckham tí mo tún un kọ́. Ó yà mí lẹ́nu bí ohùn ìyá àgbà ṣe jáde lẹ́nu mi.

Ní Kérésìmesì tó ń bọ̀, Lọ́ńdọ̀nù la ń lọ. A ti yá ọkọ̀ sílẹ̀. Mo ti sọ fún ọkọ mi pé òun ló máa wà á ní ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́. Ọmọ ẹ̀yìn ọkọ̀ mi ti gé ìwé funfun kan, ó tọ́jú rẹ̀ sínú báàgì rẹ̀, ti ọwọ́ ọ̀tún nìyẹn.