Bí mo ṣe lọ sọ tẹnu mi ní káńsù lórí ọ̀rọ̀ ọ̀nà kẹ̀kẹ́ ní Cambridge

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá ń gbé apá Boston yìí á mọ Cambridge Street ní ìlú Cambridge dáadáa, títì tó gba Inman Square kọjá lọ sí Lechmere, tí búrẹ́dì àwọn Potogí àti ṣọ́ọ̀bù àwọn ará Brazil pọ̀ sí. Ó wà lára àwọn títì tí wọ́n ń tìtorí ẹ̀ fa ọ̀rọ̀ nígbà yẹn, ṣé kí wọ́n tètè ṣe ọ̀nà kẹ̀kẹ́ síbẹ̀ àbí kí wọ́n ṣì ní sùúrù, èmi náà bá lọ sọ̀rọ̀ ní April 2024. Ọ̀pọ̀ nínú wa rò pé ọ̀rọ̀ àwọn òyìnbó ni, pé ẹni tí ò bá tíì di sítísìn ò lẹ́nu ńbẹ̀. Irọ́ ni o, kò sẹ́ni tó bi mí ní páálí, orúkọ àti àdírẹ́sì ni mo kọ.

Iṣẹ́ ìtọ́jú àwọn àgbàlagbà ni mò ń ṣe, mọ́tò ni mo fi ń ti ọ̀dọ̀ màmá kan dé ọ̀dọ̀ bàbá míì, àbúrò mi ọkùnrin tá a jọ ń gbé sì ń fi kẹ̀kẹ́ oníbátìrì gbé oúnjẹ kiri. Torí náà, ìjà yìí ti wà nínú ilé wa kó tó dé káńsù. Tí mo bá ní níbo ni wọ́n fẹ́ kí n páàkì sí, á ní, "Àǹtí mi, ẹ̀yin ń wá páàkì, èmi ń wá ẹ̀mí."

Kí n tó lanu, mo kọ́kọ́ ka ohun tó wà nílẹ̀. Ọdún 2019 ni káńsù ṣe òfin pé tí wọ́n bá ń tún títì kan ṣe tó sì wà nínú ètò kẹ̀kẹ́, kí wọ́n dá ọ̀nà kẹ̀kẹ́ yà sọ́tọ̀ níbẹ̀, nígbà tó di 2020 wọ́n tún fi gbèdéke sí i, pé kí ọ̀nà kẹ̀kẹ́ tó tó nǹkan bíi máìlì 25 ti wà káàkiri ìlú kí gbèdéke ọ̀hún tó pé. Wọn ò kàn dédé ṣe é. Ní 2016, èèyàn méjì tó ń gun kẹ̀kẹ́ kú nílùú kékeré yìí, ọ̀kan ní Inman Square, ẹnì kan ló ṣí ilẹ̀kùn mọ́tò, kẹ̀kẹ́ gbá ilẹ̀kùn náà, ẹni tó ń gùn ún sì ṣubú síwájú ọkọ̀ ńlá. Ilẹ̀kùn mọ́tò lásán! (Ìwé awakọ̀ Massachusetts ti ń kọ́ wa báyìí pé ọwọ́ tó jìnnà sí ilẹ̀kùn ni ká fi ṣí i, kí ara lè yí, kí ojú rí ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn, ẹ jọ̀ọ́ ẹ máa ṣe é.)

Ohun tó wà lórí tábìlì ní 2024, kì í ṣe pé kí wọ́n fagi lé òfin, wọ́n fẹ́ sún gbèdéke láti May 2026 sí November 2026 ni. Páàkì ló fà á. Nígbà yẹn, òfin ìlú ò jẹ́ kí ọ̀pọ̀ onílé tó ní àyè páàkì tó ṣófo fi rẹ́ńtì fún ẹlòmíì, àwọn kan wá ní kí wọ́n tún ìyẹn ṣe ná kí wọ́n tó gba ojú títì. Lójú tèmi, ká sòótọ́, ìjà kẹ̀kẹ́ kọ́ nìjà yẹn rárá, ìjà páàkì ni, orúkọ kẹ̀kẹ́ ni wọ́n kàn ń pè.

Lẹ́yìn náà ni mo lọ wo ibi tí wọ́n ti ṣe é tán, lórí Massachusetts Avenue, mo dúró mo ń wò bí ọmọ tí wọ́n rán níṣẹ́ tó gbàgbé ohun tí wọ́n ní kó rà. Kẹ̀kẹ́ ń gba ẹ̀gbẹ́ ibi táwọn èèyàn ń fẹsẹ̀ rìn, ọ̀pá rọ́bà funfun tó máa ń tẹ̀ tí nǹkan bá gbá a wà láàárín, níbi tí àyè páàkì bá wà, mọ́tò á wà lẹ́yìn ọ̀pá. Ó dáa fún kẹ̀kẹ́ lóòótọ́. Àmọ́ ọkọ̀ kan já màmá àgbà kan sílẹ̀, màmá fi wọ́kà ẹ̀, irin táwọn àgbàlagbà máa ń dì mú rìn, ta ọ̀nà kẹ̀kẹ́ kọjá díẹ̀díẹ̀, ẹsẹ̀ wọ́kà há sí ibi tí kọ̀ǹkéré ga, oníkẹ̀kẹ́ kan ní láti dúró, kò bínú, ṣùgbọ́n mo ti rí ọ̀rọ̀ tí mo máa sọ.

Mo fi orúkọ sílẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Tí àwọn tó fẹ́ sọ̀rọ̀ bá pọ̀, wọ́n máa ń dín ìṣẹ́jú èèyàn kù, mo wá kọ tèmi sílẹ̀, mo fi fóònù ká àkókò. Kíkí nìkan ti fẹ́ jẹ ìdajì! Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìfarabalẹ̀, mo yọ gbogbo ẹ̀ kúrò, ojú ń tì mí ṣùgbọ́n mo yọ ọ́. Inú mọ́tò ni mo ti sọ̀rọ̀ lórí Zoom, akọ̀wé pe orúkọ mi tán, èmi fúnra mi ń ronú ẹni tó ń pè. Mo ní ẹ má sún gbèdéke, ẹ ṣe ọ̀nà náà, ṣùgbọ́n ní ojúlé kọ̀ọ̀kan tí àgbàlagbà pọ̀ sí, ẹ fi àyè kan sílẹ̀ tí ọkọ̀ lè já wọn sí, kí ẹ sì jẹ́ kí ilẹ̀ ibẹ̀ tẹ́jú. Mo dárúkọ irú wọ́kà tí mo rí. Ẹni tó sọ̀rọ̀ ṣáájú mi ní ṣọ́ọ̀bù, ó ní oníbàárà òun á sá, ẹni tó tẹ̀ lé mi ń fi kẹ̀kẹ́ gbé ọmọ lọ síléèwé, káńsẹ́lọ̀ kankan ò dá wa lóhùn, bó ṣe máa ń rí nìyẹn, wọ́n á kàn gbọ́ ni.

Nígbà tí wọ́n dìbò ní ìparí April, àwọn 5 ní kí wọ́n sún un, àwọn 4 ní rárá. Ó dùn mí. Nígbà tó di June ọdún yẹn kan náà, èèyàn méjì tó ń gun kẹ̀kẹ́ tún kú ní Cambridge, ọkọ̀ akẹ́rù ló gbá àwọn méjèèjì. Àbúrò mi ti ní òun náà máa lọ sọ̀rọ̀ báyìí, lórí àwọn ọkọ̀ akẹ́rù tó ń yà sọ́tùn-ún láìwẹ̀yìn. Mo ní kó kọ ọ́ sílẹ̀, torí ẹnu ẹ̀ pọ̀ ju ìṣẹ́jú tí wọ́n máa fún un lọ.